Ewé Ẹ̀gẹ́ Oníka Márùn-ún

Àwọn tó ń gbé Mowe lónìí kò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá ní ìlú náà dákẹ́ rọ́rọ́ rí. Ibi tí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè tọ̀sán-tòru yẹn, oko ìrẹsì ni, àti ọ̀pẹ, àti ìkùukùu àárọ̀ tí kì í fẹ́ ká. Bí mo bá dijú, mo ṣì máa ń rí ara mi nínú ìkùukùu náà, lórí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ aró kan, mò ń bọ̀ láti Ibafọ, n kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Wọn ò tíì máa pe ilẹ̀ Kùmásí ní Gánà nígbà yẹn. Mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún.

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni mo kọ́ ní Ifọ, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ara ọkọ̀ akẹ́rù là ń kùn. Èmi ni mo ń ya òdòdó àti ẹyẹ sára pákó wọn. Mi ò ní purọ́, ọwọ́ mi dá ṣáṣá, mo sì mọ̀ pé ó dá ṣáṣá, ìyẹn gan-an ló sì kó bá mi.

Bàbá mi ló ni kẹ̀kẹ́ náà. Ìrẹsì àti obì ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, ó máa ń gba ọ̀nà oko láti Ifọ dé etí odò Ògùn, á gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, á sọdá, á sì tún gùn ún láti Ibafọ lọ sí Mowe, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Nígbà tó ra kẹ̀kẹ́ náà, dúdú ni. Ìyá àgbà wò ó, ó yínmú. Ó ní irú dúdú wo nìyí, bí ìdí ìkòkò. Aláró ni ìyá àgbà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fi tọ́ gbogbo ọmọ tó bí. Ó ní kí bàbá mi lọ kun kẹ̀kẹ́ náà ní ọ̀dà funfun, kó gbé e padà wá.

Bó ṣe gbé e dé, ìyá àgbà po ẹ̀kọ láfún, èyí tí àwọn aláró fi ń ya aṣọ. Ó mú ìyẹ́ adìyẹ, ó fi ya ewé ẹ̀gẹ́ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sí gbogbo egungun kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tí ẹ̀kọ gbẹ, wọ́n kun ọ̀dà aláwọ̀ aró lé e lórí, wọ́n sì fi omi fọ̀ ọ́. Ibi tí ẹ̀kọ wà ṣí kúrò, ewé funfun wá yọ láàárín aró náà, bó ṣe máa ń yọ lára aṣọ gẹ́lẹ́. Kò sí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ láti Ifọ títí dé Ọbáfẹ́mi, bàbá mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Odò kékeré kan wà láàárín Ibafọ àti Mowe. Ìtì ọ̀pẹ méjì ni wọ́n tẹ́ lé e lórí ní afárá, wọ́n fi àáké bẹ́ ẹ̀yìn wọn pẹlẹbẹ. Omi ibẹ̀ kì í sábà ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n kùkùté igi ló kún inú rẹ̀, ìtì náà sì ga sókè omi tó igbá àyà ènìyàn. Gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á ti kẹ̀kẹ́ wọn gba inú omi. Bàbá mi nìkan ni kì í sọ̀. Èèyàn máa ń rí afárá náà kedere láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà, níbẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí láti máa wo ọmọ rẹ̀. Ó ti sọ fún un nígbà kan pé, "Kẹ̀kẹ́ yìí, má fi lé ẹni tí kò lè gba orí ìtì kọjá lọ́wọ́ o." Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, ìyá mi. Ẹni tí mo bá fúnra mi kọ́ nìkan ló máa gùn ún."

Kò kọ́ mi. Ó ń sọ pé òun á kọ́ mi, àkókò ni kò sí.

Ìgbà ọyẹ́ ló kú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló yà bàrá lẹ́yìn ọjà Ifọ, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ó sì gbá a. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mùsùlùmí ni wá; kí oòrùn tó wọ̀, a ti kírun sí i lára, a ti sin ín. Ìyá àgbà wà ní òdì kejì odò, kò gbọ́ nǹkan kan.

Nílẹ̀ wa, a kì í túfọ̀ ọmọ fún arúgbó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ìyá tiwọn yàtọ̀, ló pe ìpàdé. Ó ní, "Ó ti sin ọmọ mẹ́rin. Èyí nìkan ló ṣẹ́kù fún un. Ọjọ́ tó bá gbọ́, òkú méjì la ó sin." Kò sí ẹni tó jà á níyàn. Ó ní a ó sọ pé ó wọkọ̀ lọ ṣòwò ní Kùmásí. Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ni wàá máa lọ kí i ní Sátidé. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni wàá gùn lọ. Bí o bá fẹsẹ̀ rìn, á béèrè kẹ̀kẹ́. Bí o bá gùn ún, tí o wá sọ̀ kalẹ̀ níbi afárá, á mọ̀ pé bàbá rẹ kọ́ ló fi lé ọ lọ́wọ́. Ó ti yé ọ?"

Mo ní ó ti yé mi, sà. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé etí mi ń ho. Èmi tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọn ò jẹ́ kí n sunkún tán, wọ́n tún gbé irọ́ rù mí. Àmọ́ ta ni mo fẹ́ bá jà? Bí ìyá àgbà bá tipa ẹnu mi kú, ilé wo ni màá wọ̀?

Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́yìn ilé, wọ́n fi ẹní bò ó. Àgbẹ̀dẹ bá mi na ibi tó tẹ̀, mo wá wíìlì iwájú mìíràn sí i. Ọ̀dà ló kù. Apá ọ̀tún ti họ kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ewé púpọ̀ ṣì wà ní apá òsì. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì, mò ń ya ewé kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kí n tó fi sánpépà kàn án. Ìka márùn-ún ni ewé kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀kan péré ló yàtọ̀, èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó, níbi tí egungun méjì ti pàdé. Ìka mẹ́ta lèyí ní. Ọ̀dà ibẹ̀ họ díẹ̀, mo bá ní ọkọ̀ ló gbé ìka méjì yòókù lọ. Mo yà á ní márùn-ún sórí ìwé mi, inú mi sì dùn sí ara mi.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ọ̀dà kì í ṣe aró. Aró máa ń wọ inú aṣọ ni, orí nǹkan ni ọ̀dà máa ń jókòó lé. Ìgbà àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí ọ̀dà náà gbẹ dáadáa bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Mo da omi sí i títí, ẹ̀kọ kò ṣí, ó ti há sábẹ́. Mo họ gbogbo rẹ̀ dànù. Ìgbà kejì, mo yára fọ̀ ọ́, aró àti ewé bá omi lọ pọ̀. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Ṣé kẹ̀kẹ́ lò ń kùn ni, àbí aṣọ lò ń fọ̀?" Mo fi ẹsẹ̀ ta garawa omi, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyá mi ló yọ mí. Ó wà nínú opó, láti ọjọ́ ìsìnkú ni kò sì ti fọhùn tó nǹkan. Lọ́dọ̀ ìyá àgbà lòun náà ti kọ́ àdìrẹ kó tó fẹ́ bàbá mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kùn ún nígbà kẹta, ó jáde wá sẹ́yìn ilé, ó fi ẹ̀yìn ìka kan ọ̀dà náà. Ó ní, "Dúró." Ó jókòó sórí àpótí. Oòrùn ń lọ, ọyẹ́ ń fẹ́, adìyẹ ń wọlé, àwa méjèèjì kàn ń wo kẹ̀kẹ́ tó rọ̀ lára igi ìbẹ́pẹ. Ó tún fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, ó ní, "Kò tutù, kò gbẹ. Fọ̀ ọ́ wàyí." Mo da omi sí i. Ewé kan yọ, òmíràn tún yọ, títí wọ́n fi kún gbogbo ara rẹ̀. Ìyá mi fi ìdí ìborùn nu ojú, ó sì wọlé lọ gbé oúnjẹ kaná.

Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba orí ìtì. Ògbólógbòó ìtì ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo fi àáké bẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Mo ṣubú títí ojúgun mi fi di kìkì egbò. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yé mi. Bí o bá wo táyà, o ti ṣubú nìyẹn. Òpin ìtì ni kí o tẹjú mọ́. Ìdí kò gbọdọ̀ kan ìjókòó, orí pẹ́dà ni à ń dúró sí, kí orúnkún rọ̀. Bí ó bá fẹ́ yẹ̀, rọra fún búréèkì, dúró sójú kan, mí, kí o tó tún tẹ̀ ẹ́ síwájú. Mo wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń dúró lórí kẹ̀kẹ́ láìlọ, láìbọ̀, láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Kò sí ìró kankan nínú orí èèyàn nígbà náà.

Sátidé àkọ́kọ́, ọlọ́kọ̀ tó tù mí sọdá odò Ògùn mọ bàbá mi, ó sì ti gbọ́. Ó kàn fi ọwọ́ pa egungun kẹ̀kẹ́ náà níbi tó sùn sí nínú ọkọ̀, ó sì ń tukọ̀ lọ. Ìkùukùu bo odò náà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí etí omi tí a ti kúrò, n kò sì rí ibi tí à ń lọ. Ó ṣe mí bíi pé bí a bá gúnlẹ̀, bàbá mi ni màá bá tó dúró sí èbúté.

Mo gba Ibafọ kọjá. Ìrì wà lórí ìrẹsì. Mo rí ìtì náà lókèèrè. Mo rí ìyá àgbà lọ́hùn-ún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, aṣọ funfun kékeré kan lábẹ́ òrùlé. Mo sọ pé Bísímílàhí, mo dìde lórí pẹ́dà, mo sì tẹjú mọ́ òpin ìtì. Àárín rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti fẹ́ yẹ̀. Mo fún búréèkì, mo dúró, omi ń lọ lábẹ́ mi. Mo mí, mo sì kọjá.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá àgbà."

"Káàárọ̀, ọkọ mi. Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ sí Kùmásí, mà. Wọ́n ní kí n máa wá kí yín."

Ojú rẹ̀ ń rí òkèèrè dáadáa, ti ìtòsí ló ti di bàìbàì, nítorí náà ọwọ́ ló fi ń wo nǹkan tó bá sún mọ́ ọn. Ó fa kẹ̀kẹ́ náà mọ́ra, ó sì ń fi ìka tọ ewé ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn kẹ̀kẹ́ lọ sẹ́yìn. Ọ̀dà náà ga díẹ̀ létí ewé kọ̀ọ̀kan, ìka sì lè kà á. Nígbà tó dé abẹ́ ìjókòó, ìka rẹ̀ dúró, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń gbádùn. Ó wá ní, "Ta ló kùn ún?" Mo ní èmi ni, pé ọ̀dà rẹ̀ ti gbó. Ó ní, "O ṣeun. Ọlọ́run á bá wa ṣe é." Ó dìde lọ wá àkàrà fún mi.

Nígbà tí mo ròyìn délé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà kò tún béèrè bàbá mi mọ́, a sì rò pé irọ́ wa ti jókòó dáadáa. Gbogbo Sátidé ló ń di nǹkan fún mi: ẹyin, ata gbígbẹ, ìrẹsì díẹ̀. "Gbé e fún ìyá rẹ. Sọ fún un kó máa jẹun." Kò sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí n tọ́jú kiní kan de bàbá mi. Èmi ọlọ́gbọ́n, n kò kíyè sí i.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan. Ó ń dùn mọ́ mi. Bí Sátidé bá ti ń bọ̀, ara mi kì í balẹ̀. Ọyẹ́ lọ, oòrùn lọ, òjò dé, mò ń gba orí ìtì yẹn kọjá bíi pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé mi. Nígbà mìíràn, mo máa ń dúró láàárín rẹ̀ láìsí ìdí kan, kí n lè gbọ́ bí omi ṣe ń dún. Níbẹ̀ nìkan ni bàbá mi kì í ti í ṣe òkú. Mo máa ń rò pé bó ṣe rí lára tiẹ̀ náà nìyí, àti pé inú ìyá àgbà ń dùn bó ṣe ń wò mí, pé ó ń rí ọmọ rẹ̀ lára mi. Ojú sì máa ń tì mí pé mò ń gbádùn ohun tí wọ́n fi irọ́ gbé lé mi lọ́wọ́.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ìtì apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Mo rí olú tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kàn ń gba apá ọ̀tún ni. Sátidé kan báyìí, mo ti dé àárín nígbà tí táyà ẹ̀yìn yọ̀ bọ́ sórí ti òsì. Igi náà wó lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ìdí kẹ̀kẹ́ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fún búréèkì. Mo rí kùkùté kan nínú omi, orí rẹ̀ ṣóńṣó. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo fa kẹ̀kẹ́ padà sójú ọ̀nà, mo sì kọjá. Ẹsẹ̀ mi kò kan nǹkan kan. Inú mi dùn bí ẹni jẹ ìdíje.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá àgbà ti dìde dúró. Kò dìde rí kí n tó dé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí, ó sì di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú lẹ́yìn náà.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dì mí lápá. Ó ní, "Jókòó." Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "O kú ara fẹ́ra kù, ọmọ mi."

Ìkíni tí à ń kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi. N kò rí irọ́ kankan pa mọ́.

Mo ní, "Ìyá àgbà, ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ ni. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ yìí dé ni." Ó na ọwọ́ sí abẹ́ ìjókòó, kò tilẹ̀ wá a, ìka rẹ̀ ti mọ ibẹ̀. "Ewé yìí, ìka mẹ́ta ni mo yà sí i. Ewúrẹ́ ló wá jẹ ẹ̀kọ tó kù nínú igbá lọ́jọ́ tí mò ń yà á, n kò sì po òmíràn. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín sí i títí. Kò sí Sátidé tí kì í fi ewé ewúrẹ́ yẹn ṣe mí yẹ̀yẹ́. Bí ọmọ mi bá wà láyé, tó dúró ti ẹni tó ń kun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìka mẹ́ta ni wàá yà. Nígbà tí mo ka márùn-ún, mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi kò sì lè lọ sí Kùmásí láìwá dágbére fún mi."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ kò fẹ́ kí n mọ̀. Mo ní bóyá ohun tí yóò mú yín dúró nìyẹn, pé ẹ ní arúgbó kan tí ẹ̀ ń tọ́jú." Ó nu ojú. "Wọ́n ní mo wà ní Mowe, n kò gbọ́. Ṣé wọn ò mọ̀ pé ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ ni? Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Gbogbo Sátidé ni mò ń jókòó síbí wo ìwọ lórí igi jíjẹrà yẹn. Gbogbo Sátidé ni mò ń sin ọ́ nínú mi kí o tó gúnlẹ̀. Bí mo bá ní kí o sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Máa sọ̀ kalẹ̀, ọkọ mi. Mo bẹ̀ ọ́."

N kò mọ ìgbà tí mo gbé orí lé orúnkún rẹ̀. Mo sunkún bàbá mi níbẹ̀, ẹkún tí wọn kò jẹ́ kí n sun ní Ifọ, òun náà sì sun tirẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní màá họ ìka méjì náà kúrò lára ewé yẹn. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Tìrẹ nìyẹn."

Mo sọ fún wọn nílé pé ìyá àgbà ti mọ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ìyá mi bá mi lọ, wọ́n wọ ọkọ̀ sọdá odò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń káàánú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò mọ ohun tí òun máa sọ. Nígbà tí a dé ìdí afárá, mo rí ìyá àgbà lókèèrè, ó jókòó. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, mo sì tì í wọ inú odò. Gbogbo oṣù tí mo fi ń gba orí rẹ̀ kọjá, n kò mọ̀ pé omi náà tutù tó bẹ́ẹ̀.